Egbò ẹnu tí kò yé padà wá: ṣé iyọ̀ ni àbí kápúsù?

Ìbéèrè

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Egbò ẹnu fẹ́ sọ mí di odi. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin rèé láàárín oṣù márùn-ún. Ti ìṣáájú wà nínú ètè ìsàlẹ̀, ti báyìí bọ́ sí abẹ́ ahọ́n. Ó rí róbótó, àárín rẹ̀ funfun, etí rẹ̀ pupa yòò. Omi lásán ń ta mí. Ẹnì kan ní kí n fi iyọ̀ gbígbẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹlòmíì ní kí n tú kápúsù sí i lórí. Ìyàwó mi ti ya ife àti ṣíbí tirẹ̀ sọ́tọ̀, ó ní àrùn tó ń ràn ni, pé mi ò gbọdọ̀ fẹnu ko ọmọ lẹ́nu. Èwo ni kí n ṣe nínú gbogbo rẹ̀?

* * *

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ife yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn, nítorí egbò á jinná, ṣùgbọ́n kí wọ́n máa sá fún èèyàn nínú ilé ara rẹ̀, ìyẹn kì í tètè kúrò lọ́kàn.

Bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ yìí, egbò tí kì í ràn ni. Kì í ṣe kòkòrò ló gbé e wá. Àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn ló kọjú ìjà sí awọ inú ẹnu, tí wọ́n sì dá ihò pẹlẹbẹ sí i. Inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń yọ sí, tàbí inú ètè, abẹ́ ahọ́n, etí ahọ́n, gbogbo ibi tí awọ ẹnu ti rọ̀. Nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ló máa ń yọ lára. Ìyàwó yín lè mu omi nínú ife yín lónìí.

Èyí tó ń ràn yàtọ̀. Orí ètè lóde ló sábà máa ń wà, tàbí lórí erìgì àti àjà ẹnu, níbi tí ẹran ti lẹ̀ mọ́ egungun. Á kọ́kọ́ lé ròrò, omi á wà nínú rẹ̀, á bẹ́. Ti orí ètè á wá sé èépá. Fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní herpes ló ń fà á. Ẹni tó bá ní ìyẹn ni kó má fẹnu ko ọmọ lẹ́nu, pàápàá ọmọ tuntun, torí ó lè ṣe ọmọ jòjòló ní jàǹbá gidi. Ìyàwó yín kò ṣe ohun tó burú. Ọ̀rọ̀ ti ọ̀kan ló gbé lé èkejì lórí.

* * *

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ̀yin òǹkàwé kọ nípa iyọ̀ sábẹ́ ìbéèrè yìí. Èèyàn mẹ́fà ló dá sí i, mẹ́rin nínú wọn ní kí ẹni tó béèrè fi iyọ̀ gbígbẹ tẹ egbò náà, pé tó bá ti ta á débi tí omi bọ́ lójú rẹ̀, oògùn ti ń jẹ́ nìyẹn. Mi ò fara mọ́ ọn rárá.

Ibi tí awọ ti ṣí sílẹ̀ ni egbò. Iyọ̀ gbígbẹ á fa omi ara jáde níbẹ̀, á sì pa ẹran tuntun tó fẹ́ hù lára. Títa tó ń ta yín kì í ṣe àmì pé ó ń jinná. Àwọn dókítà pàápàá ti fi kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní silver nitrate jó egbò ẹnu rí: ìrora dín kù, torí ibi tó ń mọ ìrora ni wọ́n jó, ṣùgbọ́n iye ọjọ́ tí egbò fi jinná kò yí padà. Bí jíjó tí dókítà fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kò bá dín ọjọ́ kù, kí la fẹ́ fi iyọ̀ inú ìka ṣe?

Omi iyọ̀ lọ́tọ̀, iyọ̀ gbígbẹ lọ́tọ̀. Ẹ da ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀ sínú ife omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ fi ṣan ẹnu, ẹ tu ú dànù. Ẹ máa ṣe é lẹ́yìn oúnjẹ àti kí ẹ tó sùn. Kò ní pa egbò rẹ́ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n á jẹ́ kí ibẹ̀ mọ́, kò sì ní ṣe yín ní ibi.

Mo ní ìdí tí mo fi ń le mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí mo wà ní nǹkan bí ọmọ ogún ọdún, mo lọ aspirin kúnná, mo fi í mọ́ egbò kan nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, mo sì sùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, awọ ibẹ̀ ti funfun, ó ń bó bí ara ẹni tí omi gbígbóná dà lé. Egbò tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ ti di ńlá bí orí àtàǹpàkò. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu yẹn jẹun. Gbígbé mì ni aspirin wà fún. Tó bá jókòó sórí awọ ẹnu, á jó o ni. Òróró kànáfùrù tí a kò là náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà sì ni hydrogen peroxide tí a kò bomi là. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún ṣe irú rẹ̀ nítorí ohun tí a kọ síbí.

* * *

Ẹnì kan fèsì pé dókítà gidi ló ní kí òun tú kápúsù sínú omi kí òun fi ṣan ẹnu, pé ó ran òun lọ́wọ́, pé kí n yé sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ̀ ju dókítà lọ.

Òótọ́ lẹ sọ, inú mi sì dùn pé ẹ mú un wá, torí ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń wọlé. Doxycycline, oògùn apakòkòrò kan, ni wọ́n máa ń lò bẹ́ẹ̀. Wọ́n á tú u sínú omi díẹ̀, aláìsàn á fi ṣan ẹnu fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, á tu ú dànù. Kì í ṣe torí pé kòkòrò wà nínú egbò. Oògùn yẹn ní agbára kan tó ń pẹ̀tù sí wíwú àti pípọ́n, ohun tí dókítà ń wá nínú rẹ̀ nìyẹn. Wọn kì í fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12, torí ó ń yí àwọ̀ eyín tó ṣì ń hù padà. Dókítà yín wo ẹnu yín, ó mọ egbò tó rí, ó mọ ọjọ́ orí yín, ó yan oògùn kan pàtó.

Ohun tí wọ́n ní kí ẹni tó béèrè ṣe kò jọ ìyẹn. Kápúsù èyíkéyìí tó bá ti wà nílé ni wọ́n ní kó ṣí, kó wọ́n ọn lé egbò. Amoxicillin, oògùn apakòkòrò mìíràn, kò rí nǹkan pa níbẹ̀. Bí ẹ bá wá ń gbé oògùn apakòkòrò mì lórí asán, ó lè pa àwọn kòkòrò rere inú ẹnu, kí ohun funfun bíi wàrà dídì wá bo ahọ́n yín. Ẹ ó wá ní àìsàn méjì.

* * *

Ẹni tó béèrè tún kọ̀wé lóru. Ó ní “má ṣe, má ṣe” nìkan lòun ń kà, kí ni kí òun wá ṣe báyìí tí ebi ń pa òun?

Ó yẹ bẹ́ẹ̀, ẹ má bínú. Ti ebi la máa kọ́kọ́ yanjú. Ẹ béèrè jẹ́ẹ̀lì lidocaine fún ẹnu lọ́wọ́ apoògùn. Ẹ fi òwú tàbí ìka mímọ́ kan díẹ̀ sórí egbò ní kété kí ẹ tó jẹun, ibẹ̀ á kú fún ìgbà díẹ̀. Ẹ má fi kun gbogbo ẹnu, kí ẹ má baà gé ahọ́n jẹ láìmọ̀. Omi benzydamine tí wọ́n fi ń ṣan ẹnu náà ń mú ìrora rọlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí oúnjẹ tutù díẹ̀, kó rọ̀, kó má kan, kó má lata.

Èyí tó ń dín ọjọ́ egbò kù lóòótọ́ ni oògùn tó ń bá àwọn ọmọ ogun ara tó ń jà yẹn sọ̀rọ̀, ìyẹn sítẹ́rọ́ìdì tí wọ́n ń lò lójú egbò. Ọ̀kan jẹ́ hóró hydrocortisone kékeré, 2.5 mg, tí ẹ ó fi sí ẹ̀gbẹ́ egbò kó máa yọ́ fúnra rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Òmíràn jẹ́ ìkunra triamcinolone tó ń lẹ̀ mọ́ awọ ẹnu. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń kùnà ni àsìkò. A máa ń dúró títí egbò á fi fẹ̀, ní ọjọ́ karùn-ún, kí a tó lọ rà á. Ẹni tó ti ń ní in tẹ́lẹ̀ mọ ọjọ́ tó ń bọ̀: ibì kan á máa gbóná, á máa yún, láìsí ihò kankan. Ọjọ́ yẹn ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Èmi gan-an, látìgbà tí mo ti ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ yíyún, àwọn mìíràn kì í tún ṣí mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kọ pé sítẹ́rọ́ìdì ń wú ojú, pé ó ń ba egungun jẹ́, ti ẹni tó ń gbé e mì fún ọ̀pọ̀ oṣù nìyẹn. Díẹ̀ lójú egbò fún ọjọ́ márùn-ún kò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ kí a bẹ̀rù nípa rẹ̀ ni kí èèyàn lọ fi sórí herpes, torí á so ọwọ́ ọmọ ogun ara, fáírọ́ọ̀sì á wá ríbi gbilẹ̀. Ìdí tí mo fi kọ́kọ́ ṣàlàyé ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì nìyẹn.

Omi chlorhexidine dára fún ìmọ́tótó egbò, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Kò bá ọṣẹ ìfọyín ṣe, torí náà ẹ fọ eyín, ẹ fi omi ṣan ẹnu dáadáa, ẹ dúró ní ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó lò ó. Bí ẹ bá lò ó pẹ́, eyín á máa dà bí èyí tí tíì ti pa láró. Dókítà eyín lè fọ̀ ọ́ kúrò.

* * *

Kí ló dé tó fi ń padà wá? Ibí yìí ni ìjà ti pọ̀ jù láàárín yín. Àwọn kan ní ooru inú ara ni, kó lo oògùn tí ń mú èèyàn yàgbẹ́. Àwọn kan ní àìjẹ èso ni. Ẹnì kan ní ìdílé ni.

Ẹni tó sọ ti ìdílé ló sún mọ́ òótọ́ jù. Bí bàbá tàbí ìyá bá ní in, ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà ní in. Ṣùgbọ́n ìdílé ń fi ìbọn lélẹ̀ ni, ohun mìíràn ló ń yìn ín: gígé ẹ̀rẹ̀kẹ́ jẹ, eyín tó kán tó mú, búrọ́ọ̀ṣì tó le, wáyà tí wọ́n fi ń to eyín, àìsùn, ìrònú, nǹkan oṣù fún àwọn obìnrin kan. Yíyàgbẹ́ kò sí nínú rẹ̀. Á gba omi àti okun lára ẹni tí kò rí oúnjẹ jẹ dáadáa tẹ́lẹ̀ ni.

Ọṣẹ ìfọyín náà wà níbẹ̀. Ohun tó ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wọn hó ni sodium lauryl sulfate. Ó ń bọ́ ìbòrí awọ ẹnu fún àwọn kan. Mo yí tèmi padà sí èyí tí kò ní in, egbò mi wá dín láti oṣooṣù sí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún. Àbúrò mi ṣe ohun kan náà, kò rí ìyàtọ̀ kankan. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ẹ ó mọ ẹgbẹ́ tí ẹ wà.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ní oṣù márùn-ún tó kí ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Kí wọ́n wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó, kí wọ́n wo èròjà irin tó wà ní ìpamọ́ lára, ìyẹn ferritin, kí wọ́n wo fítámì B12 àti folate. Bí ọ̀kan bá lọ sílẹ̀, egbò lè máa yọ títí wọn á fi dí i. Bí ẹ bá tún ń ṣunú lemọ́lemọ́, tí ẹ sì ń rù, ẹ sọ fún dókítà, torí àìsàn ìfun kan wà tí àlìkámà ń fà, egbò ẹnu sì lè ṣáájú àwọn àmì rẹ̀ yòókù. Egbò ńlá tí kì í fẹ́ san lè jẹ́ àmì kòkòrò apa sójà ara náà, àyẹ̀wò ló lè sọ. Bí egbò bá sì tún ń yọ lójú ara, tí ojú ń pọ́n tó ń dunni, ó lè jẹ́ àrùn Behçet, tí wọ́n fi sọrí Hulusi Behçet, dókítà ará Túrkì tó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1937. Àrùn yẹn lè fọ́ ojú, kì í ṣe ohun tí à ń fi omi iyọ̀ dá dúró.

Ẹni tó ní fítámì kò ṣe nǹkan kan, mo fẹ́ kó mọ̀ pé ní 2009 ìwádìí kan jáde lórí B12: 1000 microgram lábẹ́ ahọ́n, lálaalẹ́, fún oṣù mẹ́fà. Egbò àwọn tó lò ó dín kù, títí kan àwọn tí B12 kò dín lára wọn. Oṣù mẹ́fà ni o. Èèyàn tó lò ó fún ọjọ́ mẹ́rin kò tíì bẹ̀rẹ̀.

* * *

Ẹlòmíì kọ̀wé: “Mo jáwọ́ nínú sìgá ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, egbò bo gbogbo ẹnu mi. Ṣé kí n padà sí i ni?”

Rárá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má padà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí yín mọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáwọ́ lára. Èéfín ń sọ awọ ẹnu di líle, nígbà tó bá dáwọ́ dúró, awọ á padà rọ̀. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni, á lọ. Ẹ bá apoògùn sọ̀rọ̀ nípa ìrora rẹ̀, kí ẹ sì di ìpinnu yín mú.

* * *

Ìyá kan béèrè nípa ọmọ oṣù mẹ́wàá tó ní egbò lẹ́nu, tó kọ ọmú. Wọ́n ti ní kó fi oyin pa á.

Màmá, ẹ má fi oyin sí i. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ lá oyin, torí májèlé kan tó lè ti inú rẹ̀ wá, tó ń sọ iṣan ọmọ di aláìlágbára. Ẹ má sì lo jẹ́ẹ̀lì tó ní benzocaine fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, ó lè ba agbára ẹ̀jẹ̀ láti gbé afẹ́fẹ́ jẹ́. Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ìléròrò bá wà níbẹ̀, fáírọ́ọ̀sì tó ń mú ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ẹnu ọmọdé ni, ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá ló ń lò. Ohun tó léwu jù fún ọmọ yìí ni àìmu omi. Ẹ máa fún un lómú díẹ̀díẹ̀ lemọ́lemọ́. Bí ìlédìí bá gbẹ fún wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ, tàbí tó ń sunkún tí omijé kò jáde, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má dúró dè wá níbí.

* * *

Mo fẹ́ bi gbogbo yín ní ìbéèrè kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè: oògùn wo lẹ ń lò fún àìsàn mìíràn?

Methotrexate, tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún oríkèé ríro, bí egbò ẹnu bá yọ lórí rẹ̀, ó lè jẹ́ pé oògùn náà ti pọ̀ jù lára. Ẹ pe dókítà lọ́jọ́ yẹn. Carbimazole, tí wọ́n ń lò nígbà tí ẹṣẹ́ ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid bá ń ṣiṣẹ́ jù, bí egbò ẹnu, ibà tàbí ọ̀fun dídùn bá dé, ó lè jẹ́ pé ọmọ ogun ẹ̀jẹ̀ ti tán. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kíákíá ni. Nicorandil, ti àyà dídùn, lè dá egbò jíjìn tí kì í jinná títí wọn á fi fi oògùn mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi oṣù méjì kun oríṣiríṣi ìkunra kí ẹnì kan tó bi í léèrè ohun tó ń gbé mì. Ọjọ́ methotrexate ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ rẹ̀ ti dà pọ̀ mọ́ ọn lójú, ó ti ń lò ó lójoojúmọ́. Ọlọ́run ló yọ ọ́.

* * *

Ẹnì kan kọ gbólóhùn kan ṣoṣo lánàá, tí gbogbo yín fò kọjá: “Tèmi wà létí ahọ́n, ó ti tó oṣù méjì, ṣùgbọ́n kò dùn mí, torí náà mi ò kà á sí.”

Mi ò lè sùn lórí gbólóhùn yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi.

Egbò tí ẹni tó béèrè ní, bó ti ń dùn ún tó yẹn, kì í sábà ju ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lọ. Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá irú rẹ̀ ni kì í fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan, tó sì ń lọ láìfi àpá sílẹ̀. Àwọn tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ lè lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń dunni gan-an. Egbò ọ̀kan ṣoṣo tó dúró sójú kan ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, pàápàá létí ahọ́n tàbí lábẹ́ rẹ̀, dókítà gbọ́dọ̀ rí i, yálà ó ń dùn yín tàbí kò dùn yín. Jẹjẹrẹ ẹnu kì í sábà dunni ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí etí rẹ̀ bá le bí ẹni fọwọ́ kan eegun, bí àbàwọ́n pupa tàbí funfun tí kò ṣeé nù bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí kókó bá wà lọ́rùn, ẹ yára sí i. Sìgá, tábà àti ọtí ń mú kí ewu rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí kò fọwọ́ kan ọ̀kankan náà ń ní in.

Ó lè jẹ́ eyín tó mú ló ń gún ahọ́n yín níbẹ̀. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á rẹ́ eyín náà, á sì jinná láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á gé ẹran bíńtín níbẹ̀ lọ fi wò. Àbúrò bàbá mi sọ gbólóhùn tí ẹ sọ yìí gan-an: kò dun òun. Oṣù mẹ́jọ ló fi sọ ọ́. Nígbà tó yá, wọ́n gé ìlàjì ahọ́n rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì yé wa mọ́ dáadáa títí tó fi kú.

* * *

Ẹni tó béèrè ní egbò abẹ́ ahọ́n ti ń pa dé, ọjọ́ kẹsàn-án rèé, ìyàwó rẹ̀ sì ti dá ife padà. Inú mi dùn. Ẹ má torí pé ó ti ń san kí ẹ gbàgbé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yẹn.

Ẹni tó ní ti etí ahọ́n ti dáhùn: wọ́n ní kó wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ ṣé. Ẹ kọ orúkọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò sínú ìwé, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ rí i, ẹ má fi ohunkóhun pa á títí di ọjọ́ náà kí wọ́n lè rí ojú rẹ̀ bó ṣe rí. Bí wọ́n bá fún yín ní ìkunra lásán láìfọwọ́ kàn án wò, ẹ béèrè ọjọ́ tí ẹ ó padà wá, kó má ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Kí ẹ sì kọ̀wé sí wa lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mò ń retí rẹ̀.